Ẹni Tí Màmá Kò Kí Káàbọ̀

Ìyá olóògbé kí gbogbo èèyàn tó wọ yàrá náà, àfi ọmọ rẹ̀.

Ohun tí mo gbé kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọlọ́pàá ẹlẹgbẹ́ mi gbé tiwọn: sálúbàtà ẹsẹ̀ kan, àfọ́kù dígí tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí lára, àwòrán lóríṣiríṣi. Tèmi kò ṣeé dì sínú ọ̀rá, kò sì sí ọ̀gá tí èèyàn lè gbé e síwájú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó. Onígíláàsì ni olóògbé, ó ń gé gíláàsì fèrèsé àti dígí ìwojú fún aráàlú. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú, yàrá méjì tí òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé wà lẹ́yìn. Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù àdúgbò náà pariwo pé òun bá a lábẹ́ dígí ńlá kan, kò mí mọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀gá mi ti ti ọlọ́dẹ mọ́lé. Ọwọ́ ọlọ́dẹ ya, sálúbàtà rẹ̀ kan sì kù sínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ibi tí òun ti ń gbé dígí kúrò lára ọkùnrin náà ló ti gé òun. Ọ̀gá mi fi rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pẹ́ nílẹ̀. Bó bá ti rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ya, ó ti rí apànìyàn.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́rú, a jókòó ti Màmá nínú yàrá ẹ̀yìn. Obìnrin náà kò sunkún. Ó ká ọwọ́ lé ẹsẹ̀, ó ń wo ògiri, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó kí wa kú iṣẹ́, ó kí wa kú ìjókòó. Aládùúgbò kan wọlé láti ojúlé kejì, gọ́tà nìkan ló fò, Màmá ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ewu ọ̀nà." Ọ̀gá bi í bóyá àlejò kankan wá sílé lálẹ́ àná. Ó ní rárá, àlejò kankan ò wá.

Ìgbà náà ni àbúrò olóògbé wọlé, Kékeré ni Màmá ń pè é. Ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì wó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò kan lórí fóònù lóru, pé bàálù àkọ́kọ́ lòun wọ̀ wá.

Màmá wò ó. Ó sún fún un láti jókòó. Kò ní káàbọ̀, kò ní kú ewu ọ̀nà, kò sọ nǹkan kan.

Nígbà tí a jáde, mo sọ ọ́ fún Ọ̀gá. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ó ní, ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú lánàá, ṣé ó máa ń rántí kíkí?

Mo mọ èsì ìbéèrè yẹn ju òun lọ. Oṣù mẹ́ta rèé tí ọkọ mi ti kú, ara mi ò sì tíì jí. Mo ń jẹun, n kò mọ adùn rẹ̀. Mo ń sùn, n kò sinmi. Ẹnu mi nìkan ni kò gbọ́ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ó ń kí èèyàn kiri fúnra rẹ̀. Títí dòní, bí mo bá ṣílẹ̀kùn ilé tí kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀, ó máa ń ní, "Ẹ kúulé o." Mo máa ń dúró díẹ̀, kí n tó rántí pé kò sẹ́ni tó máa dáhùn káàbọ̀, kí n tó gbé báàgì mi sílẹ̀. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé ọ̀fọ̀ ló gba kíkí lẹ́nu Màmá. Ẹnu tó kí ẹni tó fo gọ́tà kú ewu ọ̀nà kò lè gbàgbé ẹni tó fò lójú sánmà. Ó ní ìdí.

Ní àgọ́ wa, Àǹtí Tún-un-bi ni wọ́n ń pè mí. Ẹlòmíràn ń fi bú mi. N kò bínú sí i, nítorí ìbéèrè tí wọ́n bá bi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èsì tó wù ú ló máa ń mú wá.

*

Kékeré kò fa ìjàngbọ̀n kankan nígbà tí a pè é wá sí àgọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ní ìlú tó ń gbé, ó sì mọ bí pápákọ̀ òfúrufú kan ṣe jìn sí èkejì bí ọmọ iléèwé ṣe mọ ìsodipúpọ̀. Ó ṣàlàyé fún Ọ̀gá pé bí èèyàn bá gba orí ilẹ̀ láti ìlú òun wá síbí, odidi ọ̀sán kan ni, òru sì máa bá a lọ́nà. Bàálù ní tiẹ̀, wákàtí kan péré. Nítorí náà, bí òun bá wà ní pápákọ̀ ìlú òun ní ìdájí òní, kò sí bí òun ṣe lè wà níbí lálẹ́ àná.

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ọ̀gá pe iléeṣẹ́ bàálù, ó bi wọ́n bóyá orúkọ báyìí wọ ọkọ̀ àárọ̀. Wọ́n ní ó wọ̀ ọ́, ó sì jókòó síbi tí wọ́n fún un. Ọ̀gá gbé fóònù sílẹ̀, ó fọwọ́ nu ojú, ọ̀rọ̀ parí.

Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n bi í ní ẹyọ kan. Mo bi Kékeré bí ìrìnàjò ṣe rí.

"Ó pẹ́ kó tó gbéra ni, mà," ó wí. "Wọ́n kàn mú wa jókòó síbẹ̀ títí. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbéra, wákàtí kan náà ló lò."

"Ta lẹ jọ jókòó?"

"Mi ò mọ̀, mà. Mo ń sunkún."

Mo mi orí. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, ṣùgbọ́n ojú kì í ríran bákan náà, n kò lè fi ìyẹn mú ẹnikẹ́ni. Fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì, ó ti pa á. Ó ní àwọn tó ń kí òun kú ọ̀fọ̀ ti pọ̀ jù.

Mo lọ rí ọlọ́dẹ nínú àhámọ́. Wọ́n ti fi aṣọ di ọwọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta pẹ̀lú fíláàsì tíì tí wọn kò jẹ́ kó gbé wọlé. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa gbé ọlọ́dẹ lọ sílé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn, ó sì mọ̀. Kò bẹ̀ mí, kò búra. Ó ní òun gbọ́ ohùn èèyàn méjì nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń fa ọ̀rọ̀, ọ̀kan ń pe èkejì ní ẹ̀gbọ́n. Ó ní òun rò pé oníbàárà ni. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, òun gbọ́ tí dígí wó.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Ọ̀gá. Ọ̀gá ní Màmá ti sọ pé àlejò ò wá. Ó ní, lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yẹn sì ńkọ́, ta ni wọn kì í pè ní ẹ̀gbọ́n láyé yìí? Àní ẹni tó fẹ́ já báàgì gbà lọ́wọ́ rẹ, ẹ̀gbọ́n ló máa kọ́kọ́ pè ọ́. Mo gbà pé òótọ́ nìyẹn.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, nítorí náà mo tọ ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ní obìnrin onídìrí kan ti wá pariwo lé Onígíláàsì lórí lọ́jọ́ Ajé, nítorí dígí ńlá tó ní kó gé fún òun tí kò tíì gé. Dígí yẹn náà ló wó lu ọkùnrin náà. Mo bá onídìrí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń di irun. Àwọn oníbàárà mẹ́ta jẹ́rìí pé lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, orí àwọn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú pátápátá. Bí mo ṣe ń jáde, ó bi mí pé ta wá ni yóò gé dígí náà fún òun báyìí. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ, ó sì fi ọwọ́ bo ojú. N kò dá a lẹ́bi. Ó yẹ kí ó dùn mí, kò kàn dùn mí ni.

*

Nírọ̀lẹ́, mo gba pápákọ̀ òfúrufú lọ fúnra mi. Obìnrin tó dá Ọ̀gá lóhùn lórí fóònù ló wà lórí ìjókòó, ó ń pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé láti lọ sílé. Ó ní òun ti dáhùn ìbéèrè wa, ọkùnrin náà wọ ọkọ̀. Mo ní mo mọ̀, mo kàn fẹ́ mọ ìdí tí ọkọ̀ fi pẹ́ gbéra ni.

"Kò pẹ́ gbéra," ó wí. "Àsìkò rẹ̀ gan-an ló gbéra."

"Ó sì pẹ́ dé."

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó pẹ́ dé, nítorí ó yà lọ́nà. Arìnrìn-àjò kan dákú lójú sánmà, ni awakọ̀ bá bà sí ìlú kan láàárín, wọ́n gbé aláìsàn náà lọ sí ọsibítù, ọkọ̀ sì tún gbéra. Gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ló bá wọn gbàdúrà. Ó ní obìnrin kan ṣì ń gbọ̀n nígbà tó sọ̀kalẹ̀.

Mo dúró síbẹ̀, ọwọ́ mi lórí káńtà. Ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀ yẹn kò lè sọ pé wákàtí kan ló lò. Ó ní láti jẹ́ pé níbí ni Kékeré dúró sí tó fi rí ìgbà tí àwọn èrò jáde, ó yọ wákàtí kan tí tíkẹ́ẹ̀tì ń sọ kúrò nínú ẹ̀, ìyókù ló pè ní ìpẹ́gbéra. Ó ń ṣírò ìrìnàjò tí kò rìn.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan jókòó lórí ìjókòó rẹ̀. Mo ní kí obìnrin náà má bínú, mo fẹ́ tún ìbéèrè ọ̀gá mi bi. Ọ̀gá béèrè bóyá ó wọ ọkọ̀. Ṣé ó sọ̀ níbí?

Ó tún ṣí kọ̀ǹpútà. Ó wò ó, ó sì wò mí.

"Kò sọ̀ níbí," ó wí. "Òun ni wọ́n gbé lọ ọsibítù. A ti ń pe nọ́ńbà tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láti àárọ̀ ká lè sọ fún àwọn ẹbí ẹ̀. Kò lọ."

Mo rántí fóònù tó wà lórí tábìlì Ọ̀gá. Mo gba nọ́ńbà ọsibítù náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọsibítù náà fún mi ní aláìsàn wọn lórí fóònù. Bàbá àgbàlagbà kan ni, ó ń ta awò ojú, ohùn rẹ̀ kò tíì le. Ó ní òun ti ń bẹ onítíkẹ́ẹ̀tì òun fún ìjókòó láti ọjọ́ mélòó kan, ọkọ̀ ti kún. Lóru, onítíkẹ́ẹ̀tì pe òun padà, ó ní ìjókòó kan wà lórúkọ òun tìkára òun, òun ò lọ mọ́, kí Bàbá lò ó, kí ó sì máa dáhùn bí wọ́n bá pe orúkọ náà. "Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi," Bàbá wí. "Mo ní ọmọ yìí láàánú."

*

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí ilé ẹjọ́ tó ṣí, mo wọ́ Ọ̀gá lọ sílé Onígíláàsì. Ó ráhùn títí a fi dé ẹnu ọ̀nà. Màmá jókòó síbi tí a fi í sí lánàá, bí ẹni tí kò dìde. Kékeré ń ká aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sínú àpótí. Màmá kí wa kú àárọ̀, ó bi wá bóyá a sùn dáadáa.

Mo sọ ọ̀rọ̀ bàálù fún Kékeré láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo sì sọ ibi tí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní kò burú, òun purọ́, kì í ṣe bàálù lòun wọ̀. Ó ní nígbà tí òun gbọ́ ikú ẹ̀gbọ́n òun lóru, orí ilẹ̀ lòun gbà wá.

"Aládùúgbò pè ọ́ lóru," mo wí. "O wọlé síbí kí oòrùn tó mú. Ìwọ lo sọ fún wa pé odidi ọ̀sán ni, àti òru lórí ẹ̀. Ọkọ̀ ilẹ̀ wo ló gbé ọ?"

Ọ̀nà jíjìn tó fi bo ara rẹ̀ láti àná náà ló wá dínà mọ́ ọn. Kò wá láti ibì kankan lóru ọjọ́ náà. Inú ìlú yìí ló wà.

Ọ̀gá, kí n má purọ́ mọ́ ọn, bi mí ní ìbéèrè tó dáa. Ó ní wíwà nínú ìlú kọ́ ni ìpànìyàn, ta ló rí i nínú ilé yìí?

Mo lọ kúnlẹ̀ síwájú Màmá, kí ojú wa lè ṣe déédéé.

"Màmá, ọ̀gá mi bi yín bóyá àlejò wá lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ jẹ́ kí n tún un bi. Ṣé ọmọ yín wá?"

Kékeré pa àpótí aṣọ náà dé.

"Ó wá," Màmá wí. "Ọmọ mi kì í ṣe àlejò."

"Kí ló dé tí ẹ ò kí i káàbọ̀ nígbà tó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì?"

"Mo ti kí i lálẹ́. Mo kí i kú ewu ọ̀nà, mo bu oúnjẹ fún un." Ó wo ọmọ náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àná. "Ẹ̀ẹ̀mélòó ni wọ́n ń kí ẹni tó dé lẹ́ẹ̀kan? Nígbà tó wá ní bàálù lòun wọ̀, ni mo mọ̀. Kékeré ò wọ bàálù rí láyé ẹ̀. Ẹ̀rù ẹ̀ ń bà á. Ó ń tà á fún àwọn èèyàn ni."

Kékeré jókòó sórí àpótí aṣọ, ó sì sọ ọ́ fún wa, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ẹni tó ń ròyìn ohun tó rí lọ́nà. Ó ti tún yàrá kan ṣe fún Màmá nílé rẹ̀. Ó gba orí ilẹ̀ wá láti mú un lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Màmá ò lọ síbì kankan, ọ̀dọ̀ òun ló máa dàgbà sí. Wọ́n bọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù kí ìyá wọn má bàa gbọ́ ìjà lẹ́nu àwọn. Ó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀gbọ́n sì fẹ̀yìn lu dígí ńlá tó fara ti ògiri, ni dígí bá wó lé e lórí. Ó ní òun rò pé ó máa dìde. Ó sá. Pápákọ̀ òfúrufú ló sá lọ, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ẹni tó gbé báàgì lè jókòó sí mọ́jú tí ẹnikẹ́ni ò ní bi í ní nǹkan kan. Ibẹ̀ ni aládùúgbò ti pè é pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú. Ibẹ̀ náà ló ti rántí ìjókòó tó pa mọ́ sórúkọ ara rẹ̀ nínú bàálù àárọ̀, èyí tí àwọn onítíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣàìní kí wọ́n lè rí nǹkan tà nígbà tí ọkọ̀ bá kún, àti bàbá awò ojú tó ń bẹ̀ ẹ́.

"Ọmọ méjì ni mo bí," Màmá wí, kì í ṣe fún ẹnì kankan pàtó. "Mo rò pé bí mo bá dákẹ́, ọ̀kan á kù." Ó yí ojú sí Ọ̀gá. "Ọlọ́dẹ yẹn, ṣé ó ti jẹun?"

Ọ̀gá wo ilẹ̀. Ó jáde lọ sídìí ọkọ̀, mo sì gbọ́ tó ń pe àgọ́ pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ọkùnrin náà, kí wọ́n jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ gbé tíì wọlé. Inú mi yẹ kó dùn. Mo wá inú dídùn náà káàkiri ara mi, n kò rí i. Ohun tí mo rí ni pé ó ń dùn mí, láyà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́ta.

Nígbà tí a mú Kékeré dìde, Màmá náà dìde. Ó kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kí ọlọ́pàá tó mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ kú iṣẹ́, ó kí èmi kú wàhálà, ó ní kí Ọlọ́run tu èmi náà nínú. N kò sọ ọ̀rọ̀ ọkọ mi fún un rárá. Bóyá ó rí i lójú mi.

Ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó fà á lọ́rùn aṣọ kí ó lè gún, bí ìyá ṣe ń ṣe fún ọmọ tó ń lọ síléèwé.

"Lọ re," ó wí.

Kò sí ìyá tó ń dúró síbẹ̀ yẹn. Ìyókù rẹ̀ ni bọ̀ re, ẹnu kan náà ló máa ń gbé méjèèjì jáde. Wọ́n mú Kékeré jáde, wọ́n ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, mo ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń retí ìyókù náà. Màmá tún ìró rẹ̀ ró, ó jókòó, ó sì yí ojú sí ògiri.